Ẹ Kà Á Sókè fún Ẹni Tí Yóò Bi Yín Léèrè

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Mo kí yín, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kì í ṣe pé ayé àtijọ́ dára ju tiyín lọ o. Irọ́ wà nínú bébà nígbà tiwa náà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, bí ọ̀kan nínú yín bá fi ìròyìn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tí mo bá bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀, èsì tí mo máa ń gbà ni, "Bàbá, bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí mi nìyẹn." Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí i náà ò mọ̀.

Bàbá tó bí mi lọ́mọ kò mọ̀wé kà. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, lábúlé kan lẹ́bàá Gbọ̀ngán. Síbẹ̀, n kò tíì rí ẹni tó mọ ìwé ìròyìn-ín kà tó wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà tí ọ̀pọ̀ ilé tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ A yàtọ̀ sí B fi ní ọmọ kan tó lè ka bébà. Èmi lọmọ náà nílé tiwa. Bébà kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé e bọ̀ láti Ìbàdàn. Tíṣà á kọ́kọ́ kà á, ẹni tó ń ra kòkó á kà á tẹ̀lé e, ó lè di ọjọ́ kejì kó tó kàn wá. Bàbá mi á jókòó sórí àpótí, àwọn ọ̀rẹ́ wọn á yí wọn ká, wọ́n á ní kí n dìde dúró. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, àfi kí n máa sọ ọ́ ní Yorùbá bí mo ti ń kà á lọ. Ibi tí kò bá yé mi, kò sí bí mo ṣe lè fi pa mọ́. Ojú àgbà mẹ́fà ń wò mí.

Lọ́jọ́ kan mo ka àkọlé kan pé owó kòkó yóò lọ sókè. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn hó yèè. Bàbá mi ò dá sí ariwo.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní mínísítà ni.

"Níbo ló ti sọ ọ́?"

Mo wo ìwé náà. Mo ní níbi ìpàdé òṣèlú ni.

"Ó ní yóò di èló?"

Mo kà á títí dé ìsàlẹ̀, mo tún un kà. Kò sí iye kankan níbẹ̀. Mo sọ fún wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n yíjú sí ọ̀rẹ́ wọn tó ti ń sọ̀rọ̀ ilé tó fẹ́ kàn lórí, wọ́n ní, "Má tíì ra páànù."

Ìwé ìròyìn kíkà nìyẹn. Èmi tí mo mọ lẹ́tà, ojú lásán ni mo fi ń kà á kí wọ́n tó bi mí.

Wọ́n tún máa ń béèrè pé bébà wo ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣereṣere. Awólọ́wọ̀ ló dá Nigerian Tribune sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1949. Nígbà tí ìjà òṣèlú sì wá gbóná láàárín òun àti Olóyè Akíntọ́lá, ẹni tó gba ipò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba náà dá Daily Sketch tiwọn sílẹ̀ lọ́dún 1964. Ọmọ kékeré mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde. Nítorí náà bí Tribune bá sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìjọba, àwọn àgbà á ní, "Ó dáa, kí ni Sketch wí?" Ẹni tó kórìíra Sketch bí ìgbẹ́ náà á fẹ́ gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀, bí kò tilẹ̀ ju kó lè bú u lọ.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo ń gbé Ìbàdàn, mo bá irú rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ àti Mọ́kọ́lá. Oníbébà á tẹ́ ọjà rẹ̀ sílẹ̀, á fi òkúta lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ, àwa tí a ò lówó tí a ó fi rà á á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá na ọwọ́ láti ṣí i, ariwo á ta: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣí i o, iwájú nìkan lọ̀fẹ́!" Ẹni tó bá rà á ló máa ń di olùkàwé fún gbogbo wa. Àríyànjiyàn á bẹ́. Akọ̀wé á wà níbẹ̀, mẹkáníìkì á wà níbẹ̀, sójà tó ti fẹ̀yìn tì á wà níbẹ̀. Tí o bá purọ́ nípa Biafra lójú ẹni tó jà níbẹ̀, ojú ẹ á já a. Ó tún yẹ kí n sọ pé ìdajì àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ yẹn, èsì tẹ́tẹ́ púùlù ni wọ́n ń wá. Àwọn ìyàwó wa ní tiwọn, ojú ìwé òkú ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí.

Kí ẹ má baà rò pé a gbọ́n tán: lọ́dún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde, Ṣẹ̀gilọlá, tó ń ròyìn bó ṣe fi ẹwà rẹ̀ tan àwọn ọkùnrin jẹ àti bí àìsàn ṣe dá a dùbúlẹ̀. Àwọn èèyàn ń ṣàánú rẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà nítorí rẹ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, I. B. Thomas, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Kò sí Ṣẹ̀gilọlá kankan. Bẹ́ẹ̀, láti 1859 ni ìwé ìròyìn Yorùbá ti wà nílẹ̀, tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ l'Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń tà á ní 120 owó ẹyọ. Ojú wa ti là sí bébà fún àádọ́rin ọdún, Thomas ṣì rí wa mú.

Nítorí náà, n kò ní kí ẹ ju fóònù nù. Fóònù ni èmi náà ń lò báyìí, ojú mi ò gbe lẹ́tà wínníwínní mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ìròyìn tó bá ká yín lára tún kọjá lẹ́nu yín kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ wá ìyá tàbí bàbá àgbà kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, láti orí dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, kò tíì yé yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sì rí owó, ẹ ra ìwé ìròyìn Aláròyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi sílẹ̀ sórí tábìlì. Ẹlòmíì nínú ilé á kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, ẹ má sọ pé ọ̀nà jìn. Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ bá pe màmá yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè orúnkún tó ń dùn wọ́n, ẹ ka ìròyìn kan péré fún wọn. Wọn yóò bi yín ní ohun tí ẹ ò ní lè dáhùn. Ẹ ní kí wọ́n dúró ná, kí ẹ padà lọ kà á dáadáa, kí ẹ tún pè wọ́n.

Èmi ni bàbá yín, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, n'Ìbàdàn.