Àbúrò mi tún ti padà sídìí ẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo ti fẹ́ dúró kí ara mi balẹ̀ kí n tó kọ̀wé, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé gbé mì. Àbúrò mi tún ti padà sídìí codeine, oògùn tó ti di bárakú fún un. Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi fẹnu kàn án. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bá ìgò lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní kò nítìjú, mo ní ó fẹ́ pa màmá wa. Kò jà. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbádùn ẹ̀ mọ́. Ara mi ló ń béèrè ẹ̀." Mo dákẹ́ wẹ́lo.

Dókítà rẹ̀ ló là mí lóye. Oògùn náà ti mọ́ ọpọlọ lára débi pé bí kò bá rí i, oorun á dá lójú rẹ̀, òógùn á bò ó, gbogbo eegun á máa ro ó. Ó ní bó ṣe padà sídìí ẹ̀ yìí kò sọ ìtọ́jú di òfo; ó wọ́pọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wálẹ̀ ṣe lè tún gòkè. Ohun tó já mi láyà ni pé ara tó ti sinmi fóṣù mẹ́rin kò lè gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Bó bá mu iye tó máa ń mu tẹ́lẹ̀, èémí rẹ̀ lè dá lójú oorun. Dókítà ti fún wa ní naloxone, oògùn tí wọ́n fi ń dá èémí padà bí codeine bá ti pọ̀ jù lára, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa lò ó. Síbẹ̀, òru ò lè mọ́ kí n má lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí n tẹ́tí sí i bóyá ó ń mí.

Orúnkún màmá ti ń san. Wọ́n ní kí n kí ọ.

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé o máa ń fowó ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Mi ò bínú, àánú rẹ̀ ló ṣe ọ́. Jọ̀ọ́, dá a dúró. Pípè ni kó o máa pè é. Má bi í bóyá ó ti jáwọ́, gbogbo wa la ti ń bi í, ó sì ti ń purọ́ fún wa nítorí ẹ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí n gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti yàrá kejì.

Ó ti gbà láti padà sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Alẹ́ Àìkú ló ń bà mí lẹ́rù. Bá mi pè é lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ rẹ