Ọ̀rọ̀ àwọn kóòṣì aláwọ̀ dúdú ní NFL

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ NFL, ìyẹn líìgì American football ní Amẹ́ríkà, ń dùn mí gan-an. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fara gbọgbẹ́ lórí pápá, àmọ́ tó bá ti di ká mú kóòṣì àgbà, òyìnbó ló máa ń pọ̀ jù. Láti 2003 ni òfin Rooney ti ní kí wọ́n máa pe àwọn tí kì í ṣe òyìnbó náà fún íntáfíù, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Brian Flores, kóòṣì aláwọ̀ dúdú kan, gbé NFL àtàwọn kíláàbù kan lọ kóòtù ní 2022, ó ní wọ́n ti mú ẹlòmíì tán kí òun tó jókòó síwájú wọn, irú íntáfíù wo wá nìyẹn? Ṣebí Tony Dungy, kóòṣì aláwọ̀ dúdú, gba Super Bowl (àṣekágbá NFL) ní 2007, ta ló tún fẹ́ sọ pé a ò lè ṣe é? Àwọn tó ni kíláàbù ni kí ẹ bá wa bi.