Fúnkẹ́, má tíì da sìmẹ́ńtì sí ẹ̀yìnkùlé yẹn

Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́,
Oṣù Kẹwàá.

Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú òtútù o. Bàbá Tóbi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbà pé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Leeds. Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Òjò ti ń káṣẹ̀ nílẹ̀, ọsàn sì ti ń kún Ọjà Ọba.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ mú bírò. O ní ibẹ̀ kéré, ògiri yí i ká, oòrùn kì í sì í débẹ̀ dáadáa, pé ẹ fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí i kẹ́ ẹ lè rí ibi sá aṣọ sí. Jọ̀ọ́, ṣe sùúrù díẹ̀. Bó jẹ́ ilẹ̀ tó gba ẹní kan péré lo lè yọ̀ǹda, yọ̀ǹda rẹ̀ fún róòsì. Kì í ṣe róòsì inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, tó gùn gbọọrọ tí kò ní òórùn kankan. Róòsì àtijọ́ ni mò ń wí, èyí tó ń gun ògiri, tí òórùn rẹ̀ máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu géètì.

O kúkú mọ irú ẹ̀. Ṣé o rántí èyí tó gun ògiri ilé Màmá ní Oǹdó, tí wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀ wá láti ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó ilé tuntun? Wọ́n ti wó ilé yẹn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wó o ni mo ti gé ẹ̀ka mélòó kan níbi tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dànù. Mo já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, mo rì wọ́n sínú ọ̀rá dúdú tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń gbin ọmọ kòkó, mo sì gé ìdí ike omi dé wọn lórí. Wọ́n ta gbòǹgbò. Ọ̀kan nínú wọn ló gba gbogbo ògiri mi báyìí.

Ibi tí mo gbìn ín sí gan-an lo máa yà sí. Àlàfo tóóró tó wà láàárín ilé mi àti fẹ́ǹsì aládùúgbò ni, igi máńgòrò sì ṣíji bò ó láti ọ̀sán lọ. Ẹni tó ń ta òdòdó létí títì ní Alágbàká sọ fún mi pé róòsì ò lè yọ òdòdó níbẹ̀, pé oòrùn àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló ń fẹ́. Òótọ́ ni ti àwọn èyí tó ń tà. Àmọ́ oòrùn àárọ̀ nìkan tó tèmi. Oòrùn àárọ̀ ló ń gbẹ ìrì kúrò lára ewé kí àrùn tó ráyè. Oòrùn ọ̀sán tiwa níbí, ṣe ló ń jó ewé òdòdó. Èyí tó là ní ìdájí níta gbangba á ti rọ kí aago méjì ọ̀sán tó lù, òórùn rẹ̀ á sì ti bá ooru lọ. Lábẹ́ ibòji, ó lè wà títí di ọjọ́ kejì.

Ibòji tìrẹ yàtọ̀ sí tèmi, Fúnkẹ́, mi ò ní tàn ọ́. Níbí, orí wa ni oòrùn ń gbà kọjá. Láti nǹkan bí Oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹsàn-án, ó tilẹ̀ máa ń bọ́ sí apá àríwá wa, nítorí náà kò sí ògiri tí kì í rí i. Lọ́dọ̀ yín, apá gúúsù ló ń gbà lọ́sàn-án ní gbogbo ọdún. Ògiri tó kọjú sí àríwá kì í rí i rárá nígbà òtútù. Ìgbà ooru nìkan ló ń yọjú sí i, ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tí àwọn ọmọ máa ń gbé ìjókòó lọ lóṣù Kẹfà tí wọ́n bá fẹ́ yá oòrùn, ibẹ̀ gan-an ni kó o gbìn ín sí.

Orúkọ méjì ni kó o béèrè. Zéphirine Drouhin ni àkọ́kọ́, tí wọ́n mú jáde ní Faransé ní 1868. Pínńkì tó ki ni, kò sì lẹ́gùn-ún, ó dára fún ibi tí ọmọdé ń gbà kọjá. Èkejì ni Madame Alfred Carrière, tó ti ìlú Lyon jáde ní 1879. Funfun ni, pínńkì fẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń yọ òdòdó léraléra, wọ́n sì fara da ògiri àríwá.

Tó bá jẹ́ èmi, Madame Alfred ni màá mú. Ní ẹ̀yìnkùlé tí ògiri yí ká bíi tìẹ, tí atẹ́gùn ò ráyè kọjá, ewé Zéphirine tètè máa ń ní tótó dúdú, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun á sì bò ó. Madame Alfred le jù ú lọ. Ọmọ ìdílé róòsì tí wọ́n ń pè ní Noisette ni. Charleston, ní South Carolina, ni ìdílé náà ti ṣẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, lọ́wọ́ àgbẹ̀ onírẹsì kan tó ń jẹ́ John Champneys. Róòsì ilẹ̀ Ṣáínà àti èyí tí wọ́n ń pè ní musk ló bí i. Ti Ṣáínà ló fún un ní yíyọ òdòdó léraléra, musk ló fún un ní òórùn. Ilẹ̀ olóoru ni Charleston, síbẹ̀ ọmọ ìdílé yẹn ló ń yọ òdòdó lára ògiri tútù Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ náà, ṣé ibẹ̀ ni wọ́n bí ọ sí ni?

Ó máa ń ga o, ó lè dé fèrèsé òkè. Ọwọ́ rẹ ló kù sí. Róòsì kì í lọ́ mọ́ ọ̀pá bí iṣu, ìwọ lo máa so ó. Kan ìṣó mọ́ ògiri, na wáyà gba ìbú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ka bá ṣì rọ̀, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni kó o máa tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi sùn sórí wáyà, kó o wá fi àkísà aṣọ so ó. Bó bá dúró ṣánṣán, ṣóńṣó orí rẹ̀ ló máa gba gbogbo agbára, òkè níbi tí imú rẹ ò lè dé ló sì máa yọ òdòdó sí. Bó bá sùn, gbogbo ojú ara rẹ̀ ló máa rú.

Ẹ̀ka kan wà tí mo tẹ̀ gba abẹ́ fèrèsé yàrá mi. Pupa ni ewé rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní ojú kọ̀ọ̀kan, ó wá di àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà ni ọmọ òdòdó yọ ní mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni òórùn rẹ̀ ń le jù. Kì í wọni nímú bíi lọ́fíńdà, ó kàn ń wọlé jẹ́jẹ́, ìwọ á sì dúró láti fà á sí i.

Oúnjẹ rẹ̀ ò le. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà tó ti tutù ni mò ń fún un, àti eérú èèpo kòkó díẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, torí potash inú rẹ̀. Àwọn ológbà lọ́hùn-ún náà máa ń ra èèpo kóró kòkó láti fi bo ilẹ̀. Ìwọ má rà á o. Májèlé ni fún ajá, mo sì mọ bí ajá yín ṣe ń họ ilẹ̀ kiri. Ìdí igi ni kó o máa bomi rin, má da omi sórí ewé. Ewé tó bá lábàwọ́n tó sì já bọ́, ṣà á kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Níbí, ìgbà òjò ni ìyọnu yẹn ń pọ̀ jù. Tí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń dín omi kù, mo sì ń gé e, torí a ò ní òtútù tó máa fún un ní ìsinmi.

Ìgbà gbígbìn tiyín ti dé tán. Láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta ni wọ́n ń ta àwọn tí wọ́n hú tòun ti gbòǹgbò láìsí ilẹ̀ lára, owó wọn sì kéré sí ti inú ìkòkò. Jẹ́ kí kòtò rẹ̀ fi 45 sẹ̀ǹtímítà jìnnà sí ògiri, torí òjò kì í tó ìdí ògiri.

Ní kí Bàbá Tóbi wọn ògiri náà ní ìbú àti ní òró, kó o fi ìwọ̀n rẹ̀ àti fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ yìí, kí n lè sọ ibi tẹ́ ẹ máa kan ìṣó sí. Okùn ìsáṣọ lè gba òkè kọjá, wọn ò ní dí ara wọn lọ́wọ́. Màmá mi ní kí n kí ọ. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni tìrẹ,
Rónkẹ́.