Ẹ má gbé síkéèlì wá síbi eré ìje

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àríyànjiyàn kan wà láàárín àwa tí a máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé: àwọn kan ní kí wọ́n máa fi ìwọ̀n ara pín àwọn tó ń sá eré ojú pópó, bí wọ́n ṣe ń pín àwọn akànṣẹ́ àti oníjàkadì. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí mo lé ní kílò 100.

Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Eliud Kipchoge, ọmọ Kẹ́ńyà tó gba góòlù máratọ́ọ̀nù ní Rio lọ́dún 2016, kò ju nǹkan bíi kílò 52 lọ. Ẹni tó wúwo tó méjì rẹ̀, tó wá gun afárá Third Mainland nígbà tí oòrùn ti mú, orúnkún rẹ̀ á sọ fún un. Ní Amẹ́ríkà, ìdíje triathlon (ìyẹn ìdíje tí wọ́n ti ń wẹ odò, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń sáré) ní ìsọ̀rí fún irú wa: ọkùnrin tó bá tó nǹkan bíi kílò 100, obìnrin tó bá tó 75. Clydesdale, orúkọ ẹṣin ńlá kan tó ń fa ẹrù, ni wọ́n ń pe àwọn ọkùnrin. (Mi ò bínú sí ìyẹn, wọ́n ti pè mí lóhun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ọjọ́ta.)

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí síkéèlì ń fojú akànṣẹ́ rí. Á febi pa ara rẹ̀, á fi omi du ọ̀nà ọ̀fun, kó lè bọ́ sí ìsọ̀rí tó fúyẹ́. Òun ṣì máa ráyè mumi kó tó jà. Ẹni tó fẹ́ sá kìlómítà 42 nínú ooru Èkó ńkọ́? Ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń pín wa báyìí, kò sẹ́ni tó lè gbààwẹ̀ dín in kù. Ìwọ̀n ara nìkan kọ́ ló sì ń sọ ẹni tó máa yára: Usain Bolt lé ní kílò 90, òun ló sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 9.58.

Ohun tó ń dun àwa tó tóbi kọjá ife ẹ̀yẹ. Nínú eré kan tí mo sá, ìgbà tí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ń pín omi, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló kù nílẹ̀, wọ́n ti ń ká tábìlì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ṣínà fún mọ́tò. Dáńfó ń fun fèrè mọ́ mi lẹ́yìn, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń bi mí bóyá CMS ni mò ń lọ. Aṣọ tí wọ́n fún mi kò tilẹ̀ gba èjìká mi.

Kí àwọn olùṣètò fi omi pamọ́ dè wá. Kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀nà wà ní títì fún wákàtí kan sí i, kí wọ́n sì rán aṣọ tó fẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá wù wọ́n, kí wọ́n fún ẹni ńlá tó bá kọ́kọ́ dé ní mẹ́dàlì. Owó ni kí wọ́n má fi sí i, torí bí owó bá ti wọ̀ ọ́, a ó rí ẹni tó máa ki òkúta bọ àpò kó tó gun síkéèlì.

Èmi ni tiyín,
Sárésáré kan ní Kétu, Èkó