Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí tírélà tó fẹ́ so mọ́ alùpùpù

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Kẹ́hìndé àbúrò rẹ náà. Ìyá yín ní kí n sọ fún yín pé ara òun ti le. Mo ti gbọ́ pé ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ gun alùpùpù láti London lọ sí Inverness ní oṣù kẹfà, kí ẹ sì gba ibẹ̀ wọ àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Scotland, àti pé o fẹ́ ra tírélà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí yóò máa kó àgọ́, ìkòkò àti aṣọ òtútù tẹ̀ lé yín. N kò ní dá ọ dúró. Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ kó o tó sanwó ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ lágbára ju ẹrù náà lọ fíìfíì, kò sì ní jẹ́ kó o mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan wà lẹ́yìn. Bí yóò ṣe fà á kọ́ ni kó o máa rò. Bí yóò ṣe dúró ni kó o rò, àti bí tírélà kò ṣe ní máa ju ìdí kiri lẹ́yìn rẹ.

Kọ́kọ́ ṣí ìwé tó bá alùpùpù náà wá. Àwọn tó ń ṣe alùpùpù máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà mìíràn pé àwọn kò ṣe é láti fi fa tírélà. Bí tìrẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, fi sọ́kàn pé wọ́n lè kọ̀ láti tún un ṣe fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí nǹkan bá bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, pe adójútòfò rẹ, sọ fún wọn pé tírélà wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fèsì lórí ìwé.

Òfin Britain lórí rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtó. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ju 125 cc lọ. Ìbú tírélà kò gbọdọ̀ ju mítà 1 lọ, láti àárín táyà ẹ̀yìn alùpùpù dé ìpẹ̀kun tírélà kò sì gbọdọ̀ ju mítà 2.5 lọ. Ti ìwúwo ló máa ń rú èèyàn lójú. Tírélà àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kílò 150 lọ, tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo alùpùpù, èyíkéyìí tó bá kéré jù. Alùpùpù tó wọn kílò 210 kò lè fà ju kílò 140 lọ. Èyí tó bá ti ju 225 lọ, 150 náà ni òpin rẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó. Kọ ìwúwo alùpùpù sára rẹ̀ níbi tí ọlọ́pàá ti lè rí i, kó o sì kọ ìwúwo tírélà lófìfo sára tírélà. Ní tèmi, má ṣe dé òpin òfin. Tírélà yìí kò ní bíréèkì tirẹ̀, gbogbo kílò tó o bá kó sínú rẹ̀, bíréèkì alùpùpù ni yóò dá a dúró. Jẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ wà ní kílò 90. Bí tírélà fúnra rẹ̀ bá wọn 45, ó ku 45 fún ẹrù, ìyẹn sì tó ẹ̀yin méjì bí ẹ kò bá kó ilé dání.

Bọ́ọ̀lù irin kan ló máa ń wà lẹ́yìn alùpùpù, òun ni ẹnu tírélà máa ń dé lé. Irin tí bọ́ọ̀lù yìí jókòó lé gbọ́dọ̀ di mọ́ férémù alùpùpù gan-an, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tó bá ní òun yóò dè é mọ́ irin tí wọ́n ń gbé báàgì lé, kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wo bọ́ọ̀lù náà dáadáa pẹ̀lú. Mìlímítà 50 la ń lò níhìn-ín, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ lára alùpùpù jẹ́ ínǹṣì 1⅞, ó fi díẹ̀ kéré sí tiwa. Ẹnu tírélà tí wọ́n ṣe fún 50 yóò pa dé lórí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yẹn, ìwọ yóò sì rò pé ó ti mú; kòtò kan péré ni yóò já a kúrò. Nọ́ńbà máa ń wà lára bọ́ọ̀lù, ó máa ń wà lára ẹnu tírélà náà. Kí méjèèjì bára mu.

Alùpùpù máa ń tẹ̀ ní kọ́nà, tírélà ẹlẹ́sẹ̀ méjì kì í tẹ̀, nítorí náà ibi tí wọ́n ti pàdé gbọ́dọ̀ lè yí. Má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á fún ọ gbọ́, dán an wò fúnra rẹ. Gbé alùpùpù sórí ìdúró àárín, so tírélà mọ́ ọn nígbà tó ṣófo, kí Kẹ́hìndé wá gbé táyà tírélà kan kúrò nílẹ̀ títí tírélà yóò fi dà sí ẹ̀gbẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà kó ṣe ìkejì. Bí ẹnu náà bá yí wọ́ọ́rọ́, ó dára. Bó bá há, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ alùpùpù tẹ̀ lé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe wọ́ ọ nígbà tó o bá tẹ̀ wọ kọ́nà. Ṣéènì ààbò méjì gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n gba abẹ́ ọrùn tírélà, ìyẹn irin gígùn tí ẹnu rẹ̀ wà ní orí, kọjá lórí ara wọn, kó lè jẹ́ pé bí ẹnu bá já, orí ṣéènì ni ọrùn yóò bọ́ sí dípò ilẹ̀. Kí ṣéènì náà gùn tó fún kọ́nà, kó má sì wọ́ nílẹ̀.

Ní báyìí, ẹrù. Ibí yìí ni mo ní kó o fara balẹ̀ sí jù lọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú tí wọ́n sì máa ń dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi. Nínú kílò 90, ó yẹ kí kílò 9 sí 13 máa tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó fi díẹ̀ lé. Bí ó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn tírélà ló wúwo, yóò sì máa gbé ìdí alùpùpù sókè. Ẹni tó ru igi gígùn, tí igi náà gùn lẹ́yìn ju iwájú lọ, mọ bó ṣe máa ń rí: bó bá ti yí ọrùn díẹ̀, igi á gbé e lọ. Bí tírélà náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, á jù sọ́tùn-ún, á jù sósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì tóbi ju èyí tó ṣáájú lọ. Bí ìwúwo orí bọ́ọ̀lù bá sì pọ̀ jù, táyà iwájú alùpùpù yóò fúyẹ́, ọwọ́ rẹ yóò máa ṣe wọ̀ọ̀ bí ẹni tí kò di nǹkan mú, táyà ẹ̀yìn yóò sì gbóná. Rántí pé kílò tó wà lórí bọ́ọ̀lù yìí wà lára ẹrù tí alùpùpù lè gbé, pa pọ̀ pẹ̀lú ìwọ, Kẹ́hìndé, àṣíborí yín àti báàgì ẹ̀gbẹ́. Ṣe ìṣirò rẹ̀ mọ́ iye tí ìwé alùpùpù kọ.

Sikéèlì tí wọ́n fi ń wọn ara nínú ilé tó láti fi wọ̀n ọ́n. Di ẹrù tán, tí ìdérí tírélà ló kù. Gbé tírélà sí ibi tó tẹ́jú, kó o gbé pákó lé sikéèlì títí ẹnu tírélà yóò fi ga dé ibi tí bọ́ọ̀lù máa ń wà nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti jókòó sórí alùpùpù. Ka nọ́ńbà, yọ ìwúwo pákó kúrò. Bó bá kéré, sún ohun wíwúwo kan síwájú. Bó bá pọ̀, sún un sẹ́yìn. Kí omi, ìkòkò, irin àgọ́ àti irinṣẹ́ wà nísàlẹ̀, lórí ásù (irin tó so táyà méjèèjì pọ̀) tàbí díẹ̀ síwájú rẹ̀. Aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì ìsùn ni kó wà lókè àti lẹ́yìn. Fi okùn dì wọ́n, nítorí ẹrù tó bá sún lójú ọ̀nà ti yí ìwọ̀n tó o ṣe nílé pa dà. Tún un wọ̀n ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra oúnjẹ púpọ̀; páálí omi kan tí wọ́n jù sí ìdí tírélà tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Táyà tírélà kéré. Ti ínǹṣì 8 máa ń yí tó ìgbà kan àti ààbọ̀ kí táyà ẹ̀yìn rẹ tó yí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ló fi jẹ́ pé bíárìn rẹ̀, irin roboto àárín rímù tí táyà fi ń yí, ló máa ń kọ́kọ́ kú. Bí o bá ra alòkù, tú bíárìn méjèèjì, fọ gírísì àtijọ́ dànù, kó o rọ tuntun sí i kí ẹ tó kúrò ní London. Lẹ́yìn máìlì 30 àkọ́kọ́, dúró, kó o fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àárín rímù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Kó lọ́wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bó bá gbóná tí ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, tàbí tí ọ̀kan gbóná tí èkejì tutù, bíárìn ti ń jẹ ara rẹ̀. Má sọ pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé ibi tí ẹ ń lọ. Ṣe èyí nígbàkigbà tí ẹ bá dúró ra epo. Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tó wà lára táyà jẹ́ èyí tó pọ̀ jù tó lè gbà fún ẹrù tó wúwo jù. Fún ẹrù fífúyẹ́, táyà tó le bẹ́ẹ̀ yóò máa fò lórí kòtò, tẹ̀ lé iye tí ẹni tó ṣe tírélà kọ. Mú táyà àfipamọ́ kan dání, bíárìn ẹyọ kan, gírísì, jáàkì kékeré àti sípánà tó bá nọ́ọ̀tì tírélà mu, torí ti alùpùpù kì í sábà bá a mu. Lára alùpùpù, fi afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀yìn dé iye tí ìwé kọ fún ẹni méjì àti ẹrù, kó o sì mú kí ṣọ́kì ẹ̀yìn le sí i.

Iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iná ẹ̀yìn, iná bíréèkì, tráfíkétọ̀, àwòjíji pupa onígun mẹ́ta méjì tó máa ń tan iná ọkọ̀ ẹ̀yìn pa dà, àti nọ́ńbà alùpùpù rẹ lẹ́yìn tírélà. Jẹ́ kí oníwáyà fi rílè (súìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń tan) sí i, kí iná tírélà máa fa agbára láti bátìrì tààrà, kó má gba inú wáyà tín-ínrín alùpùpù, èyí tó lè jó fíúùsì tàbí kó dà kọ̀ǹpútà rẹ̀ láàmú. Iná LED ni kó o rà.

Lójú ọ̀nà, máìlì 60 ní wákàtí kan ni òpin rẹ lórí mótówéè àti ọ̀nà oníhà méjì (èyí tí ààlà pín àlọ àti àbọ̀ rẹ̀), 50 lórí ọ̀nà oníhà kan (èyí tí kò ní ààlà bẹ́ẹ̀). Bí mótówéè bá ní ìlà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, o kò gbọdọ̀ wọ ìlà ọ̀tún pátápátá. Gùn ní àárín ìlà rẹ. Kòtò tó o yà fún, táyà tírélà lè já sí i, nítorí ipa tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa tìrẹ. Ní kọ́nà ìgboro, yà gbòòrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà inú yóò gun etí títì. Má ki ara bọ àárín ọkọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ. Tẹ bíréèkì kó o tó wọ kọ́nà, kì í ṣe nínú rẹ̀, torí tírélà tó ń tì ọ́ nígbà tó o ti tẹ̀ yóò ti ìdí alùpùpù sóde. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, lo jíà kékeré.

Bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí, má tẹ bíréèkì lójijì, má sì fún un lépo. Dín epo kù díẹ̀díẹ̀, di ọwọ́ alùpùpù mú ṣánṣán láì bá a jà, jẹ́ kí eré náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí Kẹ́hìndé má mira. Lẹ́yìn náà, wá ibi dúró, kẹ́ ẹ tún ẹrù tò. Ó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ àjàgbé bá yà yín sílẹ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lórí A9, ọ̀nà ńlá tó lọ sí Inverness, ní òkè Drumochter, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń fẹ́ kọlù èèyàn láti ẹ̀gbẹ́. Lórí A9 yìí kan náà, ọ̀nà oníhà méjì àti oníhà kan máa ń yí pa dà léraléra, kámẹ́rà tó ń wọn eré láti ibì kan dé ibòmíràn sì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn Inverness, mo bẹ̀ ọ́, fi tírélà sílẹ̀ ní ibùdó àgọ́. Àwọn ọ̀nà tóóró ìwọ̀-oòrùn yẹn kì í gba ju ọkọ̀ kan lọ. Bí ẹ bá pàdé ọkọ̀, ẹnì kan ní láti fẹ̀yìn rìn pa dà sí ibi ìyàsọ́nà. Alùpùpù tó ní tírélà kò ṣe é fẹ̀yìn tì lórí òkè: ọrùn rẹ̀ á ká, alùpùpù á sì dùbúlẹ̀. Bealach na Bà tí ẹ fẹ́ gbà lọ sí Applecross ga ju mítà 600 lọ, kọ́nà rẹ̀ ká bí apá, àkọlé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ń kìlọ̀ fún àwọn tó fa kárávààn. Ẹ gun un láìsí tírélà, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Nítorí rìfáàsì yìí náà, ní ilé epo, ibi tó o ti lè gba iwájú jáde ni kó o dúró sí.

Kí ẹ tó gbéra, fi ẹrù kún tírélà lọ́jọ́ Sunday kan, kó o lọ sí pápá ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo, kó o máa dúró lójijì láti orí eré máìlì 20 ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà 30, títí ọwọ́ rẹ yóò fi mọ bí ibi tí o ti ń dúró ṣe jìnnà sí ti tẹ́lẹ̀. Kí Kẹ́hìndé wà lẹ́yìn rẹ nígbà ìkẹyìn.

Ọ̀dọ̀ wa ní Leeds ni kẹ́ ẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ó ti tó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan. Gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, ibẹ̀ fẹ̀ tó láti yí po. Má tú tírélà kí n tó dé. Sikéèlì àti pákó wà nílé, a ó jọ wọn ọrùn rẹ̀, mo sì fẹ́ fọwọ́ kan rímù méjèèjì nígbà tó ṣì gbóná.

Bàbá rẹ