Òkè tó jóná: ẹ má fojú díwọ̀n iyẹ̀pẹ̀ tó lọ

Sí Olóòtú,

Bí iná ọyẹ́ bá ti jó ẹ̀gbẹ́ òkè kan lágbègbè Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ lọ́nà Ọdẹ́dá tàbí lápá Ọ̀bàntókò, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bá òjò àkọ́rọ̀ dé. Àwọn kan á ní ọ̀gbàrá ti kó gbogbo ilẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn á ní kò sóhun tó ṣe ilẹ̀, ṣebí koríko ti ń hù. Ojú lásán ni tọ̀tún tòsì fi ń wò ó. Bẹ́ẹ̀, bí iyẹ̀pẹ̀ tí kò nípọn ju mìlímítà 1 lọ bá ṣí kúrò lórí hẹ́kítà 1, ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13. Ta ló ń fojú rí mìlímítà 1?

Ohun èlò tí a fi ń wọ̀n ọ́n kò wọ́n: àpò ìrẹsì tí a tú, tí a sì rán pọ̀, èèkàn igi, ìṣó kéékèèké, bọ́kẹ́ẹ̀tì, síkéèlì àti ọ̀bẹ. Àpò náà ni a ó nà dúró bí ọgbà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀, kí omi lè gba ojú rẹ̀ kọjá, kí iyẹ̀pẹ̀ sì dúró sẹ́yìn. Kí oṣù kẹta tó wọlé ni kí ẹ ti rì í mọ́lẹ̀, torí òjò àkọ́kọ́ ló ń bá eérú àti ilẹ̀ ìhòòhò. Ẹ sàmì sí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 5, tó gùn ní mítà 20 sókè. Ẹ fi rọ́bà omi tí bíríkìlà fi ń wo ìdọ́gba wá ìlà tó tẹ́jú nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ ki ẹsẹ̀ àpò bọ̀ ọ́, kí ẹ dá iyẹ̀pẹ̀ padà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọnin. Èèkàn á wà lẹ́yìn àpò, ní ìsàlẹ̀. Etí méjèèjì àpò á tẹ̀ sókè bí ìwo màlúù, kí omi má bàa gba ẹ̀gbẹ́ yọ́ lọ.

Ẹsẹ̀ yẹn ló ń bà á jẹ́ jù. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, omi á gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ á gbabẹ̀ jáde, ẹ̀yin á bá àpò lófìfo, ẹ ó sì rò pé ilẹ̀ ò lọ.

Wàhálà tiwa ní Abẹ́òkúta ni àpáta. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkúta kò ríbi wọlẹ̀ sí, orí iyẹ̀pẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń dà sí. Bí àpáta bá wà lókè ilẹ̀ tí ẹ sàmì sí, iṣẹ́ omi àpáta ni ẹ ó wọ̀n, tí ẹ ó sì kà á sí iná lọ́rùn. Ẹ kọ ebè gbọọrọ kan síbi orí ilẹ̀ náà, kí ó darí omi sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá wà nínú ilẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Ẹ wọ́n ẹtù pupa tí bíríkìlà fi ń ta okùn sórí ilẹ̀ níwájú àpò, kí ẹ lè mọ ibi tí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kó iyẹ̀pẹ̀. Ẹfun kò dáa fún un, eérú náà funfun.

Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ kó iyẹ̀pẹ̀ náà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ má jẹ́ kí àpò kún kọjá ìdajì. Ká ní ó jẹ́ kílò 96 lẹ́yìn tí ẹ yọ ìwọ̀n bọ́kẹ́ẹ̀tì. Omi wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, kí ẹ mú gíráàmù 200, kí ẹ gbé e sínú ófùn ní 105°C fún wákàtí 24. Ẹni tí kò ní ófùn lè yan án nínú páànù lórí iná kékeré títí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Bó bá ti ń rú èéfín, iná ti pọ̀ jù, èédú inú rẹ̀ ni ẹ ń jó. Bó bá ku gíráàmù 160, kílò 76.8 ni iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Ẹ fi mítà 100 níbùú-lóròó pín in, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10: tọ́ọ̀nù 7.68 lórí hẹ́kítà kan. Ní nínípọn, kò tó mìlímítà 1.

Amọ̀ kíkúnná máa ń gba ojú àpò kọjá, nítorí náà ohun tó lọ gan-an ju iye yìí lọ.

Ẹ ṣe irú rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí iná kò dé nítòsí, tó dagẹ̀rẹ̀ bákan náà. Láìsí ìyẹn, a ò lè mọ ohun tí iná ṣe àti ohun tí òkè ń ṣe látilẹ̀wá. Agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́, tí ẹ fi rúlà wò lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, ti tó láti wọn òjò. Ẹ kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó dá, torí òjò mìlímítà 30 tó rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 20 kò jọ èyí tó fi gbogbo òru rọ̀.

Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ bá ti wọ̀n tán, ẹ dà á sí ìsàlẹ̀ àpò. Bí ẹ bá dà á sókè, òjò tó ń bọ̀ á tún gbé e wá fún yín láti kà lẹ́ẹ̀kejì.

Àwa onímọ̀ iyẹ̀pẹ̀,
Abẹ́òkúta.