Lẹ́tà sí àbúrò mi tí ìrìn-àjò Faransé kò jẹ́ kí ó sùn

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Àjọkẹ́,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní òru, mo sì tún un gbọ́ kí n lè mọ èyí tó ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀. O mẹ́nu ba ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n ń gbà wakọ̀ lọ́hùn-ún, físà Màmá tó bí ọkọ rẹ, ilé tí ẹ sanwó rẹ̀ láìtíì fojú rí i, ìkòkò tí o kò mọ̀ bóyá yóò gba ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́fà, èébì àwọn ìbejì, àti àlá tí ẹnì kan lá ní Ẹ̀pẹ́. Mo yàn láti fèsì ní kíkọ, nítorí pé bí mo bá pè ọ́, ẹ̀rín ni a óò fi gbogbo rẹ̀ rín, ọ̀rọ̀ yóò sì sọnù. Mo sì kọ ọ́ sí gbangba nítorí mo mọ̀ pé láàárín àwa tí a wà ní ìlú Ọba, kì í ṣe ìwọ nìkan ni ìyàwó ilé tí ìsinmi ń gba oorun lójú rẹ̀.

Jẹ́ kí n mú ti ojú ọ̀nà kúrò nílẹ̀ ná, nítorí òun ni o fi ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó kéré jù lójú mi. Ìbàdàn ni o ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti pa ọwọ́ òsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lé wa lọ́wọ́ tì, tí a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún bí àwọn aládùúgbò wa tó yí wa ká, nítorí náà ọwọ́ òsì tí o ń gbà ní Dartford ni àjòjì sí ọ, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ óò gbà ní Faransé. Ohun tó yàtọ̀ ni pé sítíárì ọkọ̀ yín wà lápá ọ̀tún, ẹni tó ń wakọ̀ yóò sì jókòó sí ìhà etí ọ̀nà, débi pé kò ní rí iwájú dáadáa bí ó bá fẹ́ yọ kọjá lára ọkọ̀ àjàgbé. Lójú ọ̀nà tóóró, ẹ má ṣe yọ kọjá lára ẹnikẹ́ni. Ẹ rọra tẹ̀ lé e títí yóò fi yà. Ibi tí ènìyàn ti ń gbàgbé ara rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń lọ síbì kan náà. Àárọ̀ kùtùkùtù ni, nígbà tí ẹ bá ń jáde nílé epo tàbí níwájú ilé búrẹ́dì, tí kò sí ọkọ̀ mìíràn tí yóò rán yín létí. Kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ máa ké “ọwọ́ ọ̀tún o!” síta nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbejì yóò gbà á ṣe orin kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Ìyókù jẹ́ ohun tí a ń fi ojú rí. Ìwọ̀n eré lọ́nà márosẹ̀ jẹ́ kìlómítà 130 ní wákàtí kan, 110 bí òjò bá ń rọ̀, 80 lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà ìgbèríko; bí ẹ bá sì ti kọjá pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí, 50 ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wọn kò ní kọ nọ́ńbà kankan síbẹ̀ láti sọ ọ́ fún yín. Ní oríta tí kò ní àmì, ẹni tó ń bọ̀ láti apá ọ̀tún ni ọ̀nà tọ́ sí, àní bí ó tilẹ̀ ti inú àdúgbò kékeré yọ. Ní tóògéètì, apá òsì ni ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì wà, nítorí náà ẹni tí kò wakọ̀ ni yóò máa na ọwọ́ síta, kí onítọ̀hún má ṣe sùn. Gazole tí ẹ óò rí nílé epo ni dísẹ́ẹ̀lì, sans plomb sì ni pẹtiróòlù. Kọ ọ́ mọ́ ẹ̀yìn ìdérí táǹkì. Kí ẹ̀wù aláwọ̀ títàn wà nínú ọkọ̀ níbi tí ọwọ́ tó o, kì í ṣe lábẹ́ ẹrù nínú búùtù, pẹ̀lú àmì onígun mẹ́ta, kí ẹ sì lẹ lẹ́tà UK mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí kò bá ti sí lára nọ́ńbà rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lọ́nà márosẹ̀, kí gbogbo yín bọ́ sẹ́yìn irin etí ọ̀nà, kí ẹ lo fóònù aláwọ̀ ọsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tàbí kí ẹ pe 112. Àwọn tí ìjọba fún láṣẹ nìkan ló lè wá fa ọkọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí o bẹ̀rù lójú ọ̀nà, tí o kò sì dárúkọ rẹ̀ rárá, ni àárẹ̀. Láti Calais, níbi tí ẹ óò gbà wọ Faransé, dé agbègbè Vendée tí ilé tí ẹ sanwó rẹ̀ wà, lé ní 600 kìlómítà, mo sì gbọ́ tí ọkọ rẹ ń sọ pé òun yóò rìn ín tán lójọ́ kan ṣoṣo, bí ẹni tí ẹnì kan ń fi aago dúró dè ní ìkangun ọ̀nà. Wọn a máa gba awakọ̀ nímọ̀ràn pé kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì, ibi ìsinmi sì pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, pẹ̀lú igi, tábìlì, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀fẹ́. Lójú tèmi, kí ẹ sun oorun òru kan ní Le Mans. Òótọ́ ni pé ìlú náà ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ díje fún wákàtí 24 láti ọdún 1923, ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ń díje, ẹ̀yin kọ́. Ìdí mìíràn tún wà: Sátidé ni wọ́n sábà máa ń gba àlejò sínú irú ilé ìsinmi tí ẹ gbà yìí, nítorí náà ní àwọn Sátidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó dà bí ẹni pé gbogbo Faransé ló wà lójú ọ̀nà. Láti ọdún 1976 ni ìjọba wọn ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Bison Futé, tó ń fi àwọ̀ kéde bí ọ̀nà yóò ṣe rí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: ewé, ọsàn, pupa, àti dúdú tó burú jù. Bí ẹ bá gbéra kí Sátidé tó dé, tí ẹ sùn lọ́nà, tí ẹ sì rọra wọlé, púpọ̀ nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ yẹn kò ní jẹ́ tiyín.

Ní ti ibodè, mo mọ ibi tí ẹ̀rù rẹ ti wá. Ojú ọ̀nà Kútọnu ni a ti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ibodè, níbi tí ìwé ènìyàn ti lè pé pérépéré, kí ẹnì kan ṣì ní ohun kan kù. Ara tó bá ti kọ́ ìyẹn kì í tètè gbàgbé. Ṣùgbọ́n wo bí tiyín yóò ṣe rí: ní Folkestone, lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àwọn aṣọ́bodè Faransé yóò ti yẹ ìwé yín wò, kí ẹ tó wa ọkọ̀ wọ inú rélùwéè; nígbà tí ẹ bá gba abẹ́ òkun jáde sí Calais lẹ́yìn ìṣẹ́jú 35, ẹ kàn ń wakọ̀ lọ ni. Bí ìṣòro kankan yóò bá wà, ìtòsí ilé yín ni yóò ti ṣẹlẹ̀, ẹ ó sì padà sí Dartford lọ jẹ oúnjẹ alẹ́. Páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì tiyín kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ó sì gbọdọ̀ ní oṣù mẹ́ta nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ óò kúrò lọ́hùn-ún. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ojú tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka lẹ́nu ibodè wọn, nítorí náà ẹ tètè dé. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni Màmá ní, físà Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè mú wọn wọ Faransé. Ti Schengen tí wọ́n gbà, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni kí o tún wò: ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n lè wọlé, àti ìwé ìbánigbófò ìlera tí kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò. Físà Gẹ̀ẹ́sì wọn náà kò gbọdọ̀ jìnnà, nítorí òun ni yóò dá wọn padà wálé.

Ní ti àlá, n kò ní bú ẹni tó lá a, nítorí àgbà ni, ìfẹ́ ló sì mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ìrìn-àjò tí a tíì sọ fún ará ilé rí tí ẹnì kan kò lá àlá lé lórí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba ààwẹ̀, ẹ gbà á. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ka Sáàmù 121, ẹ kà á. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ wọn afẹ́fẹ́ inú táyà.

Mo wá dé ilé ìdáná. Ìsinmi ni o pè é, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ oúnjẹ tí o fi ránṣẹ́ sí mi dà bí ti ẹni tó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Yọ ẹran díndín, ṣàkì àti ọbẹ̀ dídì kúrò níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni òfin kò ti gbà kí arìnrìn-àjò gbé ẹran tàbí ohun tí a fi wàrà ṣe láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ Faransé, ì báà jẹ́ inú sáńwíìṣì ọmọdé ló wà. Iṣu àti ata rodo tútù náà kò lè kọjá láìsí ìwé ẹ̀rí pé wọn kò ní àrùn. Gààrí, ẹ̀lùbọ́, epo pupa, ata gígún, edé àti ẹja gbígbẹ kò ní ìdíwọ́, wọ́n sì tó. Gbé ìkòkò ńlá kan àti omorogùn. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, n kò fọwọ́ sí ohun èlò mìíràn. Kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá aṣọ ìtẹ́bùsùn àti táwẹ́ẹ̀lì wà, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í fi í kún owó ilé. Bí ẹ bá dé, ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá kí ẹ tó já ẹrù, kí owó ìdúró tí wọ́n gbà má baà di ìjà. Lálẹ́ Sátidé náà ni kí ẹ sì ti ra ohun tí ẹ óò jẹ ní ọjọ́ kejì, nítorí ní ọ̀sán Àìkú, ọ̀pọ̀ ọjà ìgbèríko a máa tì pa. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ kí wọn, kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Wọ́n ka ìkíni sí níbẹ̀ bí àwa náà ṣe kà á sí, ẹni tó bá wò yín bí àjòjì kí ẹ tó kí i yóò sábà tújú ká lẹ́yìn rẹ̀.

Síbẹ̀, Àjọkẹ́, kì í ṣe ìkòkò ló jí ọ lóru. Bí o ti ń ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ Màmá ni mo ń gbọ́ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní Dartford, o ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ń ríra. Lọ́hùn-ún, inú ilé kan náà ni ẹ óò wà láti àárọ̀ di alẹ́, o sì ti pinnu lọ́kàn ara rẹ pé bí òjò bá rọ̀, bí bẹ́ẹ̀dì bá le, bí ọmọ bá gbóná, ìyàwó tó ní kí a wá ni wọn yóò wò. Nítorí ìyẹn ni o fi gba gbogbo rẹ̀ sórí: tíkẹ́ẹ̀tì, físà, oúnjẹ, oògùn, àti àwòrán ojú ọ̀nà. Ọkọ rẹ ń sọ káàkiri pé “a ń lọ sí Faransé,” nígbà tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ni o ti ń lọ láti oṣù kẹta. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò sí ẹni tó fà á lé e lọ́wọ́ ni.

Fa fáìlì ìwé lé e lọ́wọ́. Ṣe é níwájú Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Bàbá Tóbi, ọwọ́ yín ni gbogbo ìwé wà o, ẹ̀yin lẹ máa dá wọn lóhùn ní ibodè.” Kò sí ìyá tí yóò gbọ́ ìyẹn kí ó má dùn mọ́ ọn. Ní ti oúnjẹ, mo mọ̀ pé ìyàwó kì í ní kí ìyá ọkọ òun dáná. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Màmá, inú ẹja ni wọ́n dàgbà sí, Les Sables-d’Olonne tí ẹ óò wà nítòsí rẹ̀ sì jẹ́ èbúté apẹja. Mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, kí o ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ bá mi yẹ èyí wò, n kò mọ èyí tó ṣì tutù nínú wọn.” Ìwọ nìkan kọ́ ni ẹ̀rù ìrìn-àjò yìí ń bà, àwọn náà ń bẹ̀rù pé àwọn yóò jókòó bí ẹrù ní ìlú tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Lẹ́yìn ẹja àkọ́kọ́ yẹn, bí o bá rí ìkòkò gbà padà lọ́wọ́ wọn, wá sọ fún mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí o lọ rìn létí òkun ní ìwọ nìkan, láìgbé fóònù dání.

Mo ń bọ̀ ní Sátidé láti wá bá ọ di ẹrù. Kí fáìlì náà ti wà lọ́wọ́ Bàbá Tóbi kí n tó dé, nítorí òun ni n ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.